Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ìwé yìí wà ní ọwọ́ rẹ, mo mọ̀ dájú pé o ti gbọ́ òwe kan tí àwọn àgbà máa ń pa pé, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Bóyá o tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú àròkọ rí, tí olùkọ́ rẹ sì fún ọ ní máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ o mọ̀ pé ìdajì òwe náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa? Ní odindi rẹ̀, ohun tí àwọn baba wa wí ni pé, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Gbólóhùn kékeré tí ó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀mí òwe náà. Arọ kò lè sáré. Bí ogun bá ká a mọ́lé ní òjijì, ó ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn ogun bá dé etí rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ahéré òfìfo ni ogun yóò bá. Bí ó bá wá gbọ́ ìròyìn náà tán tí ó jókòó, tí ó ń wí pé ọ̀nà ogun ṣì jìn, kí ni àǹfààní etí tí ó fi gbọ́?

Olùkọ́ ni mí fún ọdún 35, mo sì fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ṣe àlàyé òwe náà fún ọmọ púpọ̀ nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ òkèèrè, ní ìpínlẹ̀ Texas ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì ọdún 2021, ni mo rí ìtumọ̀ rẹ̀ ní ojúkojú. Ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ náà. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n wò ní ìparí ọdún 2020, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì wà nígbà tí òtútù ńlá náà dé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan.

Ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí Texas jẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 29 ní ọdún 2020. Ilẹ̀ epo rọ̀bì àti gáàsì ni. Kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà tí ń wa epo àti gáàsì tó o. Houston kò jìnnà sí òkun ní apá gúúsù, oòrùn ibẹ̀ sì máa ń mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ wa. Ooru ni àwọn ará ibẹ̀ ń kọ́ ilé fún, kì í ṣe òtútù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, páìpù omi gba inú àjà àti inú ògiri tí ó kọ ojú sí ìta, nítorí pé ẹni tí ó kọ́ ilé náà kò retí pé omi inú rẹ̀ yóò dì.

Ìwọ tí ó jẹ́ pé ọyẹ́ nìkan ni o mọ̀, báwo ni n óò ṣe sọ ọ́ tí yóò fi yé ọ? Bí ọyẹ́ bá mú ní ilẹ̀ wa, tí ètè ń là, tí ẹsẹ̀ ń funfun, a óò máa pariwo pé òtútù ń pa wá. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ìbàdàn, ìwọ̀n ooru inú afẹ́fẹ́ kì í sábà dín ní dígírì 15 ti Celsius. Ní dígírì 0 ni omi ń dì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún náà, ní Houston, ó lọ sí nǹkan bí dígírì 10 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ní ìlú Dallas, tí ó wà ní apá àríwá, ó lọ sí nǹkan bí dígírì 19 ní ìsàlẹ̀ òdo. Bí o bá ti ṣí ẹ̀rọ tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń mú ẹja dì rí, tí o sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo ìgboro Dallas rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Òtútù náà kò yọ́ wọlé bí olè. Láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń kéde rẹ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, omi dì sí ojú títì ní ìlú Fort Worth, ọkọ̀ 133 sì rọ́ lu ara wọn ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ènìyàn 6 sì kú. Ní ọjọ́ 12, Gómìnà Greg Abbott kéde pé ewu ti dé sí gbogbo àgbègbè ìbílẹ̀ 254 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 14, Joe Biden, tí ó jẹ́ Ààrẹ ìgbà náà, fi ọwọ́ sí i pé kí ìjọba àpapọ̀ dìde sí ìrànlọ́wọ́. Ogun náà, àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni.

Ní òru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15, òjò dídì bo ilẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fò fún ayọ̀, nítorí pé gbogbo àgbàlá funfun bí òwú. Èmi náà dúró ní ẹ̀bá fèrèsé, mo ń wò ó, nítorí pé n kò rí irú rẹ̀ rí ní ayé mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná mànàmáná kú. A rò pé yóò dé láìpẹ́. Ilẹ̀ mọ́, kò dé. Ilẹ̀ ṣú, kò dé. Ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru dákẹ́, òtútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú yàrá wá bí omi tí ń jò wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ kejì, omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́. Ní ilé kejì sí tiwa, páìpù inú àjà bẹ́, omi sì ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì àti àga. Ọjọ́ kẹta ni a tó tún rí iná tí ó dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, ní ikọ́ fée. Bí àyà bá há a mọ́, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń sọ oògùn olómi di ìkùukùu, tí ọmọ náà yóò máa fà sínú. Ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀rọ náà ń lò. Ní òru ọjọ́ kejì, òtútù ta bá àyà rẹ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ tí ń súfèé nínú òkùnkùn. Ọmọbìnrin mi pe àwọn tí ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n dá a lóhùn pé ọ̀nà ti dì, àwọn tí ń pè wọ́n sì pọ̀ ju ọkọ̀ wọn lọ. Ìwọ òǹkàwé mi, bí o bá ti gbọ́ bí ọmọdé ti ń jà fún èémí rí, o kò ní bi mí léèrè bí ọkàn mi ti rí ní òru náà.

Ọkọ ọmọ mi kò pariwo. Ó lọ sí ibi ìkẹ́rù-sí, ó sì gbé àpótí kan jáde. Nínú àpótí náà ni tọ́ọ̀ṣì wà, àti oúnjẹ inú agolo, àti oògùn ọmọ náà tí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì, àti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí ń sọ iná bátìrì mọ́tò di iná ilé. Ó wa mọ́tò rẹ̀ kúrò nínú gáréèjì bọ́ sí gbangba ìta, ó gbọ́n òjò dídì kúrò ní ẹnu páìpù èéfín rẹ̀, ó sì so ẹ̀rọ oògùn mọ́ ọn. A fi kúbùsù wé ọmọ náà, a gbé e jókòó sínú mọ́tò. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni ó fi fa oògùn náà, títí èémí rẹ̀ fi já gaara. Nígbà tí a wọlé tí ọmọ sùn, mo bi bàbá rẹ̀ léèrè ibi tí ó ti rí ọgbọ́n yìí kọ́. Ó ní, “Bàbá, ìjì Harvey ni ó kọ́ mi. Nígbà tí omi bo Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, a wà nínú òkùnkùn, a kò ní ohunkóhun ní ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí omi náà fà ni mo ra àpótí yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà ni mo ń ṣí i, tí mo ń wo ohun tí ó ti bàjẹ́.” Ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, ní ọjọ́ 13, nígbà tí ìkìlọ̀ gba orí rédíò, ti pọn omi kún agbada ìwẹ̀, ó sì ti kún gbogbo ìkòkò inú ilé. Omi yẹn ni a mu nígbà tí ẹ̀rọ gbẹ.

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ ọkọ ọmọ mi púpọ̀. Bí ìdílé kan ṣoṣo bá lè fi ìyà àná kọ́ ọgbọ́n, kí ni ó ṣe ìpínlẹ̀ tí ó ní epo àti gáàsì ju gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù lọ tí iná fi kú mọ́ ọn lórí? Nígbà tí ara tù wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo sì ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa rẹ̀. Fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀.

Iná mànàmáná kò dàbí àgbàdo tí a lè kó pamọ́ sínú àká ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí wọ́n ti ń mú un wá ni a ń lò ó. Ní òru ọjọ́ 15, gbogbo ilé ń fẹ́ ooru lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ tí ń mú iná wá ń dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ tí ń lo gáàsì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu kànga gáàsì pàápàá ń dì. Ibùdó tí ń fọ gáàsì mọ́, àti ẹ̀rọ tí ń tì í lọ nínú páìpù, iná ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Nígbà tí wọ́n gé iná ìlú kù, wọ́n gé e mọ́ ọ̀pọ̀ ibùdó gáàsì lórí, nítorí pé orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àwọn tí a kò gbọdọ̀ gé iná fún. Báyìí ni iná ń retí gáàsì, tí gáàsì náà sì ń retí iná. Àwọn àgbà ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọdé àti àgbà tí wọ́n nílò ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n nílò ara wọn, ni iná àti gáàsì jẹ́ ní Texas.

Àjọ tí ń darí iná níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ERCOT, rí i pé bí wọn kò bá gé iná fún àwọn kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò wó. Ó ku ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 péré kí iná kú pátápátá ní gbogbo ibi tí okùn àjọ náà dé, èyí tí ìbá gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó tún un tò. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gé iná ní òru náà kò ṣe ìkà. Wọ́n gé ẹ̀ka kí igi má bàa ṣubú. Ṣùgbọ́n ó lé ní mílíọ̀nù 4 ilé àti ibi iṣẹ́ tí iná kú mọ́ lórí, òtútù kò sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ wọn.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀? Ohun tí ó dùn mí jù nìyí. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ní ọdún 10 gééré ṣáájú, òtútù ti mú ní Texas, ẹ̀rọ ti dì, wọ́n sì ti gé iná fún àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn àjọ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà gbé ìwé ńlá kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ iná fi aṣọ ẹ̀rọ wé páìpù wọn, kí wọ́n dáàbò bo ẹ̀rọ wọn kí òtútù mìíràn tó dé. Wọ́n tilẹ̀ rán wọn létí pé irú ìmọ̀ràn kan náà ti wáyé lẹ́yìn òtútù ọdún 1989. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Ẹni tí yóò bá tẹ̀lé e yóò ná owó ní òní nítorí ọjọ́ tí ó lè má dé fún ọdún púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kà á, ọ̀pọ̀ sì gbé e sórí pẹpẹ.

Ìlú kan wà ní ìwọ̀-oòrùn jíjìn ìpínlẹ̀ náà tí ń jẹ́ El Paso. Ní ọdún 2011, òtútù fi ojú ìlú náà rí màbo. Iná kú, omi sì wọ́n. Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ iná wọn ná owó, wọ́n dáàbò bo ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì kọ́ ibùdó iná tuntun tí ó lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù tí ó mú ju ti 2011 lọ. Okùn iná wọn sì so mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, kò sí ní abẹ́ ERCOT, tí okùn tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró gedegbe. Nígbà tí òtútù ọdún 2021 dé, ilé àti ibi iṣẹ́ bí 3,000 péré ni iná kú fún ní El Paso, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ kan náà ni, ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Arọ méjì ni ó gbọ́ ìròyìn ogun. Ọ̀kan wọ́ kúrò lójú ọ̀nà.

Nígbà tí òtútù náà kásẹ̀ nílẹ̀ tán, ìjọba Texas ka òkú 246. Àwọn mìíràn tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà gbà pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtútù ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn kan nínú ilé tiwọn, lórí ibùsùn tiwọn. Ṣùgbọ́n apànìyàn mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ dunjú, nítorí pé ó wà ní àdúgbò rẹ pẹ̀lú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin mi rí i láti ojú fèrèsé pé ìdílé kan tí ó wà ní ojúlé kẹta sí wa ń gbé ààrò èédú wọ inú yàrá. Ó sáré jáde nínú òjò dídì, ó kan ilẹ̀kùn wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbé e padà síta. Nígbà tí ó rí i pé ọmọ ọwọ́ wà nínú ilé náà, ó kó gbogbo wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ènìyàn 9 ni ó sun yàrá kan ṣoṣo ní òru náà, a fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ooru ara wa sì ran ara wa lọ́wọ́.

Kí ni ó ń bà á lẹ́rù? Èédú tí ń jó, ẹ̀rọ amúnáwá, àti mọ́tò tí a tan sílẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni ní imú. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí yóò máa fọ́ ènìyàn, oorun yóò máa kùn ún, yóò sì sùn lọ láìjí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà ní Texas, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó dé ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn kò sì dé ibẹ̀. Nítorí náà ni ọkọ ọmọ mi ṣe wa mọ́tò bọ́ sí gbangba kí ó tó gbé ọmọ sínú rẹ̀. Ìwọ pẹ̀lú, bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé ní ilé yín, fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ fún bàbá àti ìyá rẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí a gbé e jìnnà sí ilé. Ọmọ tí ó kúnlẹ̀ tí ó sì sọ òtítọ́ kò ṣe àfojúdi.

N kò ní ṣàì sọ ìyìn àwọn tí ó dìde. Ìjọba kó àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ jáde, wọ́n ń gbé àwọn tí ó há sí ojú ọ̀nà lọ sí ibi ààbò. Ní Houston, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ńlá George R. Brown fún àwọn tí òtútù ń pa. Ọlọ́jà kan tí ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, Jim McIngvale, ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńlá, àwọn ènìyàn sì sùn lórí ọjà tí ó fẹ́ tà. Inú mi dùn sí èyí, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n wo bí ìrànlọ́wọ́ ti máa ń ní ìṣòro bí ìmúrasílẹ̀ bá ti yẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 12 ènìyàn tí ìjọba kìlọ̀ fún pé kí wọ́n se omi ẹ̀rọ kí wọ́n tó mu ún, nítorí pé omi náà kò mọ́ mọ́. Báwo ni ẹni tí kò ní iná yóò ṣe se omi? Ọ̀nà tí ó dì kò jẹ́ kí ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ tètè dé. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, yóò pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn kan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣe òfin ní Texas pé dandan ni kí àwọn oníṣẹ́ iná dáàbò bo ẹ̀rọ wọn lọ́wọ́ òtútù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, òtútù líle mìíràn bo Amẹ́ríkà, ERCOT kò sì ní láti gé iná fún àwọn ará ìlú. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ ìròyìn rere yìí fún àwọn 246 tí ó wà nínú kòtò náà?

Ìwọ lè wí pé, “Òjò dídì kì í rọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá; kí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?” Ọmọ mi, òtútù kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Omi náà ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó ti kún rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ní ọdún kan náà tí òtútù kìlọ̀ fún Texas, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì tún pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2022, àgbàrá àti odò tí ó kún pa ènìyàn tí ó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà. Lọ́dọọdún ni àwọn àjọ ìjọba tí ń mójú tó ojú ọjọ́ àti odò máa ń kéde ibi tí omi lè gbà. Lọ́dọọdún pẹ̀lú ni a sì ń rí ẹni tí ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà, tí òmíràn ń kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà odò.

Mo ti kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó máa ń dá arọ dúró lójú ọ̀nà ogun. Èkíní ni, “Kò ṣẹlẹ̀ rí.” Èyí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́ rí, bí a bá bi àwọn àgbà léèrè, wọn yóò sọ ọdún tí ó ṣẹlẹ̀. Èkejì ni, “Ó di ọ̀la.” Ọ̀la kì í tán, ṣùgbọ́n àkókò ìmúrasílẹ̀ máa ń tán. Ẹ̀kẹta ni, “Ìjọba ni ó ni í.” Lóòótọ́, iṣẹ́ ìjọba wà tí aráyé kò lè bá a ṣe, ó sì yẹ kí a bi í léèrè bí kò bá ṣe é, ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ni ó pọn omi kún ìkòkò ọmọbìnrin mi.

Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o wà. Mọ ibi tí tọ́ọ̀ṣì ilé yín wà, kí o sì mọ̀ bóyá ó ń tàn. Mọ ilé arúgbó tí ó ń dá gbé ní àdúgbò rẹ, kí ó má bàa jẹ́ pé lẹ́yìn ewu ni ìwọ yóò rántí rẹ̀. Ro gọ́tà iwájú ilé yín kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Bí ìdánwò bá wà ní oṣù kẹfà, oṣù kìn-ín-ní ni kí o ṣí ìwé rẹ. Nǹkan wọ̀nyí kéré, ẹnikẹ́ni kò sì ní pàtẹ́wọ́ fún ọ nítorí wọn, nítorí pé ewu tí a ti múra dè kì í sábà di ìtàn. Bí o bá sì dàgbà, tí wọ́n fi ọ́ ṣe olórí ibi iṣẹ́, tàbí ti ìlú, tàbí ti ìpínlẹ̀, tí ìwé ìkìlọ̀ kan sì dé orí tábìlì rẹ ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, rántí pé ẹ̀mí àwọn tí o kò mọ̀ wà nínú ìwé náà. Má ṣe gbé e sórí pẹpẹ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wò ó láti òkèèrè tí kò yà kúrò ní ọ̀nà rẹ̀, igi náà yóò gún un bákan náà.